Itan ajá mi pá, mo sì ná ₦122,500 sórí àìsàn tí kò ṣe é

₦122,500 ni mo ná láàárín oṣù márùn-ún kí n tó mọ̀ pé àìsàn tí mo ń bá jà kò sí lára ajá mi rárá. Mo ti ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò dín. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, torí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹnì kan ṣì kọ sórí fọ́ọ̀mù ló fa gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀fúùfù lorúkọ ajá mi. Abo ni, greyhound ni, irú ajá tẹ́ẹ́rẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ gíga tí ikùn rẹ̀ máa ń wọnú, tí wọ́n fi ń sáré ìdíje lókè òkun. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín ní Èkó. Nígbà tí wọ́n ń lọ sí Ìlú Ọba ní oṣù Keje ọdún 2024, wọ́n ní àwọn ò ní fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ bí kò ṣe èmi. Bó ṣe di ará Ìlọrin nìyẹn, ní Tankẹ, láàárín àwọn tí kò rí irú rẹ̀ rí. Bí a bá jáde láàárọ̀, àwọn ọmọdé á máa pè é ní ajá tí ebi ń pa. Ìyá kan tó ń ta mọ́ínmọ́ín níkòríta wa tiẹ̀ bi mí pé ṣé mi ò bẹ̀rù Ọlọ́run ni. Bẹ́ẹ̀, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Kìlógíráàmù 27 ló wọ̀n, kò kàn sí ọ̀rá lára rẹ̀ ni.

Ìgbà ọyẹ́ ni mo rí i. Mo ń fọwọ́ pa á lára nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, ni mo bá rí i pé ẹ̀yìn itan rẹ̀ méjèèjì ti pá. Kì í ṣe pé irun já níbí já lọ́hùn-ún bí aṣọ tí eku jẹ. Ọ̀tún àti òsì rí bákan náà, àfi bíi pé wọ́n fi abẹ fá a. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì ń dán bí awọ bàtà tuntun. Kò sí egbò, kò sí èépá, kò sí òórùn. Ohun kan tún wà tó yẹ kí n dì mú nígbà yẹn, tí mi ò dì mú: ajá náà kò yún ara. Kò tilẹ̀ fẹsẹ̀ kàn án lẹ́ẹ̀kan.

Kíá ni gbogbo àdúgbò ti di dókítà. Mẹkáníìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa gbé ọ́ìlì dúdú tó fà jáde nínú ẹ́ńjìnì wá nínú ike, ó ní kí n fi pa á lára, pé ohun tí bàbá òun fi ń wo kúrúnà ajá ọdẹ nìyẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kọ̀. Inú mi dùn títí dòní pé mo kọ̀. Májèlé ni ọ́ìlì yẹn. Ajá á lá a, èyí tí kò bá sì lá, á gba awọ wọlé, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ni yóò jìyà rẹ̀. Awọ greyhound fẹ́lẹ́ bí bébà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kíní ọdún 2025 ni mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko kan nígboro. Ti kúrúnà kò pẹ́: wọ́n fi abẹ ha awọ ara rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi fẹ́ yọ, wọ́n gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù, wọn ò rí kòkòrò kankan. Wọ́n wo irun rẹ̀ nítorí làpálàpá, kò sí. Eégbọn ńkọ́? Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń já wọn lójoojúmọ́, kò sí ẹyọ kan.

Dókítà wá sọ pé bí irun bá re lọ́tùn-ún lósì bákan náà, tí ara kò sì yún ajá, inú ara ló yẹ ká wò. Òótọ́ ni, mi ò bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Táírọ́ìdì, ẹ̀yà kékeré tó wà lọ́rùn, tó jẹ́ pé tó bá wú là ń pè ní gẹ̀gẹ̀, ló ń pèsè èròjà tí ara fi ń ṣiṣẹ́ déédéé. Tí èròjà yẹn bá dín, irun ajá á máa re, á máa sanra láìjẹun púpọ̀, á kàn máa sùn ṣáá ni. Wọ́n ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, pé wọ́n á fi ránṣẹ́ síta, Ìlọrin kọ́ ni wọ́n ti máa yẹ̀ ẹ́ wò. ₦32,000. Mo san án lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, mo pè wọ́n. Wọ́n ní èsì kò tíì dé. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọkùnrin tó gbé fóònù ní, "Bọ̀dá, ẹ ṣe sùúrù, wọ́n á pè yín." Kò sẹ́ni tó pè. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ fúnra mi. Ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn ni mo dúró sí tí mo fi rí fíríìjì wọn. Ilẹ̀kùn rẹ̀ là gbayawu, wọ́n ká àkísà sísàlẹ̀ rẹ̀, omi ń kán tó, tó, tó sórí àkísà náà. Iná ti lọ láti ọjọ́ mẹ́rin, jẹnẹrétọ̀ wọn sì ti bàjẹ́. Nínú àgbá kékeré kan lórí fíríìjì yẹn ni ìgò ẹ̀jẹ̀ Ẹ̀fúùfù wà, orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀, déètì ọjọ́ tí wọ́n gbà á lára rẹ̀. Láti oṣù tó kọjá, kò tíì kúrò nínú yàrá yẹn.

Wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n ní ẹni tó yẹ kó gbé e lọ ló rìnrìn àjò. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gba òmíràn, wọ́n ní kí n san ìdajì owó, ₦16,000! Mo bá wọn fà á títí ohùn mi fi há, mo sì san án nígbẹ̀yìn, torí ajá wà lọ́wọ́ mi, itan rẹ̀ sì ń pá sí i.

Kí n tó gbàgbé owó ọkọ̀. Kẹ̀kẹ́ kì í fẹ́ gbé ajá ní Ìlọrin. Ọlọ́kọ̀ kan sọ fún mi pé, "Àlùwàlá wà lára mi, ẹ má bínú, sà." Mi ò dá a lẹ́bi, ìrun ló ń sáré lọ kí. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń san owó gbogbo ìjókòó, ₦4,000 àlọ àti àbọ̀, nígbà mẹ́rin.

Oṣù Kẹta ni èsì dé. Bébà kan péré ni. Wọ́n fa ọfà sísàlẹ̀ síwájú ohun tí wọ́n pè ní T4, ìyẹn èròjà táírọ́ìdì: ó kéré púpọ̀. Wọ́n fa ọfà sókè síwájú PCV, bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀: 58. Wọ́n ní táírọ́ìdì ajá mi ti dákẹ́ iṣẹ́, pé omi kò sì tó lára rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi ki. Oògùn ojoojúmọ́ ni, láàárọ̀ àti lálẹ́, títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà fún èèyàn ní kẹ́míìsì náà ni. ₦19,500 lóṣù. Mo máa ń ra wàrà lọ́wọ́ àwọn ìyá Fúlàní tó ń kiri, mo máa ń ti oògùn náà bọ inú ègé kan, á gbé e mì láì jẹ ẹ́ lẹ́nu.

Oṣù mẹ́ta gbáko. Irun kan kò hù. Ṣùgbọ́n ajá mi yí padà. Abọ́ omi tó ń mu lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ tẹ́lẹ̀, ó ń gbẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ lóru tí òtútù ń mú èèyàn. Èékánná rẹ̀ lórí táìlì, kó-kó-kó, láti pálọ̀ dé ẹnu ọ̀nà, títí tí wọ́n fi ń pe ìrun àsùbáà. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde: "Bàbá Àmọ́ọ̀pé, oògùn yìí ló ń dà á láàmú." Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká ṣe sùúrù, pé dókítà mọ̀ jù wá lọ. Ó ń dùn mí pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, mo gbé bébà náà lọ bá dókítà ẹranko mìíràn, obìnrin kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀. Wọn ò tíì wo ajá tí wọ́n fi gba bébà lọ́wọ́ mi. Wọ́n wo òkè rẹ̀, wọ́n wo Ẹ̀fúùfù, wọ́n tún wo bébà. Wọ́n wá fi ìka lé ojú kan, wọ́n ní, "Sà, ta ló kọ eléyìí?" Níbi tí wọ́n ti ní kí wọ́n kọ irú ajá tó jẹ́, ẹnì kan ti fi báírò búlúù kọ ọ́ wẹ́rẹ́: *ajá ìbílẹ̀*.

Wọ́n jókòó, wọ́n ṣàlàyé fún mi fún bíi ìṣẹ́jú ogún, wọn ò sì gbowó ìyẹn. T4 greyhound kì í tó ti àwọn ajá yòókù láti ìbẹ̀rẹ̀. Ara rẹ̀ dá báyẹn ni, kì í ṣe àìsàn. Ti greyhound mìíràn tó le koko lè kéré débi pé ẹ̀rọ kò ní rí i kà. PCV rẹ̀ ńkọ́? Ajá tí wọ́n bí fún eré sísá ni, sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ máa ń pọ̀ ju ti ajá mìíràn lọ; 58 tí wọ́n fa ọfà lé lórí, nǹkan tó yẹ kí wọ́n rí ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ sábà máa ń kéré. Òṣùwọ̀n ajá mìíràn ni wọ́n fi wọn ajá mi. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé ó sanra ni? Ṣé ó ń sùn jù?" Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Kí ni wọ́n wá ń wò sàn?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Itan pípá wọ́pọ̀ lára greyhound. Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò sórí ohun tó ń fà á, kì í pa ajá lára, ó lè hù padà fúnra rẹ̀, ó sì lè má hù mọ́. Ká ti yọ kòkòrò, làpálàpá àti àìsàn gidi kúrò, ó tán.

Wọ́n ní kí n dín oògùn náà kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì títí mo fi dá a dúró. Kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó pé, ó ti ń sùn mọ́jú. Èmi náà ń sùn.

Ohun tó kù kò ṣòro. Orí sìmẹ́ńtì ní kọ́rídọ̀ ló ń sùn tẹ́lẹ̀, itan rẹ̀ ń ha ilẹ̀. Mo ra tìmùtìmù fún un, mo fi ìró àtijọ́ wé e. Àjẹkù àmàlà ló ń jẹ. Mo yí i sí ìrẹsì pẹ̀lú ẹja ṣáwá tí mo sè láìsí ata, láìsí iyọ̀, tí mo yọ egungun rẹ̀, àti ẹyin sísè lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àlùbọ́sà kò gbọdọ̀ kàn án, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Mo ti ń fi ọṣẹ ìfọṣọ wẹ̀ ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìyẹn ló ń gbẹ awọ rẹ̀. Ó di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù pẹ̀lú ọṣẹ ajá. Tí mo bá tún un ṣe, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni màá ti máa ya fọ́tò itan rẹ̀ lójú kan náà lóṣooṣù, torí ojú lásán ń tan èèyàn. Màá sì gba ẹ̀dà gbogbo bébà sọ́wọ́.

Oṣù Kẹjọ ni irun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lókè itan, ó múlọ́múlọ́ bí irun orí ọmọ tuntun. Inú itan ṣì pá, mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán lóòrùn débi pé ìyá oní-mọ́ínmọ́ín ní ajá mi ti wá di ọlọ́lá. Nítorí ọyẹ́ tó ń bọ̀, télọ̀ wa ti rán súwẹ́tà fún un, ó sì bá a mu rẹ́gí.

Oṣù Kẹwàá, mo gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Akọ̀wé tó wà lórí àga kò gbójú sókè wò wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ fọ́ọ̀mù, mo sì rí i pé "ajá ìb—" ló ti kọ dé. Mo na ọwọ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní báírò yẹn." Mo fa ìlà gba orí rẹ̀, mo sì fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ fúnra mi: GREYHOUND.