Bí Mo Ṣe Fi Páálí Kọ́ Odi Elmina fún Kíláàsì Mi l'Ákùrẹ́

Kí n tó fi àbẹ kan páálí rárá, ọdún ni mo kọ́kọ́ yàn. Odi Elmina tó wà létí òkun ní Ghana kì í ṣe ilé tí wọ́n kọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn Potogí kọ́ ọ ní 1482, àwọn ará Hólándì gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1637, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ sí i, wọ́n wá fà á lé Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní 1872. Ọdún 1637 ni mo mú, nítorí ọdún yẹn ni ọ̀tá wọlé síbi tí wọ́n kọ́ kí ọ̀tá má baà wọlé.

Ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama. Mo ti sọ̀rọ̀ odi yìí fún wọn rí, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì parí síbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ò tíì fojú rí òkun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ wa kan òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ilẹ̀, kì í ṣe láti ara ògiri. Bàbá káfíńtà àdúgbò wa ló fún mi ní pílíwúùdù tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ rẹ̀. Mo ya òkun sí apá kan, mo ya odò Benya sí apá kejì, mo sì fi àpáta gígùn kan sáàárín wọn bí ahọ́n. Orí àpáta yẹn ni odi jókòó sí. Àwòrán tí wọ́n yà láti ojú òfuurufú, tó wà lórí Google Maps, ni mo wò tí mo fi mọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe kọjú síra.

Páálí tẹlifíṣọ̀n ló dáa jù fún ògiri. Páálí nọ́dù máa ń rọ̀ bí gọ́ọ̀mù bá ti kàn án. Bí a ṣe ń lẹ ògiri pọ̀ ni mo ń sọ ti Diogo de Azambuja fún àwọn ọmọ, ẹni tí ọba Pọ́túgà rán wá pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun bíi 500 àti àwọn mọlémọlé àti káfíńtà bíi 100. Òkúta tí wọ́n ti gbẹ́ kalẹ̀ ní Pọ́túgà wà nínú ọkọ̀ wọn, pé kí iṣẹ́ lè yá. Síbẹ̀ wọ́n tún lọ ń fọ́ àpáta tí àwọn ará ìlú ń bọ. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀bùn ni wọ́n fi pẹ̀tù sí i. Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn apá yìí gan-an. Ẹnì kan ní ká ní òkúta ilé òun ni, òun ò ní gba ẹ̀bùn.

Mi ò lẹ òrùlé pa, kí wọ́n lè máa ṣí i wonú. Níbẹ̀ ni mo ti rọra lọ. Àgbàlá wà láàárín, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Potogí wà nínú àgbàlá, àwọn yàrá ìsàlẹ̀ sì wà lábẹ́. Wúrà ló gbé wọn débẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò Akan tó ń gbé wúrà wá nílò ẹni tí yóò ru ẹrù, àwọn Potogí sì ń ra ènìyàn ní ọ̀nà Bìní, wọ́n ń kó wọn lọ sí Elmina láti fi pààrọ̀ wúrà. Bìní kò jìnnà sí Ákùrẹ́ rárá. Kíláàsì tó ti ń pariwo látàárọ̀ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo tó sọ ti àwọn ará Hólándì, tí wọ́n sọ àwọn yàrá yẹn di ibi tí wọ́n ń ti ẹrú mọ́ kí ọkọ̀ tó kó wọn sọdá sí Amẹ́ríkà.

Ìbọn àgbá kò le ṣe: a gé ọ̀pá bíróò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán. Òkun ni a kọ ẹnu èyí tó pọ̀ jù sí, torí Òyìnbó ẹgbẹ́ wọn tó lè gba ojú omi wọlé ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n. Apá ilẹ̀ ni a gbẹ́ yàrà sí.

Amọ̀ ni mo fi mọ òkè Santiago tó wà ní òdìkejì odò. Mo fi tẹ́ẹ̀pù wọn gíga rẹ̀ dáadáa, ó gbọ́dọ̀ ga ju odi lọ, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìtàn 1637 wà. Àwọn ará Hólándì ti gbìyànjú ní 1625, wọ́n lù wọ́n dànù. Nígbà tí wọ́n padà wá pẹ̀lú ọkọ̀ ogun mẹ́sàn-án, wọ́n gba òkè yẹn, wọ́n wọ́ ìbọn àgbá gùn ún, wọ́n sì ń yìn ín sísàlẹ̀ sínú odi. Nínú oṣù kẹjọ ni àwọn Potogí juwọ́ sílẹ̀.

Ọmọ Ìdànrè kan nawọ́: "Sà, kí ló dé tí wọn ò kọ́ odi yẹn sórí òkè?" Ọmọ tí àwọn baba ńlá rẹ̀ gbé orí òkè nítorí ogun, kò lè ṣe kó má béèrè. Mo sọ fún un pé ilé ìkẹ́rùsí ni odi náà pẹ̀lú, ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibi tí ọkọ̀ ti ń já ẹrù. Àwọn ará Hólándì fúnra wọn kò fi òkè náà sílẹ̀ lófo mọ́. Nígbà tó di àwọn ọdún 1660, wọ́n kọ́ odi olókùúta síbẹ̀, Coenraadsburg, ó sì wà níbẹ̀ di òní.

Páálí ìṣáná ni mo fi ṣe ilé àwọn ará ìlú lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi, mi ò sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n. Ní 1873, ọdún kan péré tí Gẹ̀ẹ́sì gba odi, wọ́n yìnbọn fọ́ ìlú náà nítorí pé àwọn ará ibẹ̀ kò gbà fún wọn, wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n tún un kọ́ síbẹ̀. Bí a bá dé ọdún yẹn, a ó kó àwọn ilé náà kúrò.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn wá láti ọ̀dọ̀ ọmọ Ìlàjẹ: kí ló dé tí irú odi yìí kò sí létí òkun tiwọn? Mo ní kó sọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí fún wa. Ó ní ẹrọ̀fọ̀ ni, omi ló yí i ká, ilé orí òpó ni wọ́n ń kọ́, àti pé kò sí òkúta. Mo ní kó wá fọwọ́ kan àpáta tí Elmina jókòó lé.