Transfọ́mà 12V méjì la fi ń ṣe iná preamp onífáàfù

Transfọ́mà ló máa ń dá iṣẹ́ preamp onífáàfù (ẹ̀rọ onígíláàsì tó ń gbé ohùn kékeré sókè kó tó dé amplifáyà) dúró. ECC83, fáàfù tó wà nínú rẹ̀, fẹ́ 250V sí 300V DC (iná tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo, bíi ti bátìrì), ẹ sì lè yí gbogbo ṣọ́ọ̀bù Sápọ́n àti Ọmídá l'Abẹ́òkúta po kí ẹ má rí transfọ́mà tó ń gbé e jáde. Ti 12V ni kò wọ́n, méjì rẹ̀ sì tó wa.

Àkọ́kọ́, 12V 2A, ń sọ 230V di 12V. Ìkejì, 12V 500mA, la máa dojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn: 12V tó ti inú àkọ́kọ́ wá á gba ibi tó ti máa ń jáde wọlé, iná ńlá á sì jáde níbi tí à ń so mọ́ ògiri. Kò ní pé 230V, torí àwọn tó wé e ti fi wáyà díẹ̀ kún ẹ̀gbẹ́ 12V láti dí ohun tó ń sọnù. 200V sí 220V lẹ máa rí, ó sì tó. Ẹ má ṣe fa iná ògiri tààrà sínú dáyódù láti fi owó transfọ́mà pamọ́ o. Ẹni tó bá fọwọ́ kan páànù (irin àpótí) preamp bẹ́ẹ̀, iná lè gbé e.

Fún ECC83 méjì, ẹ ra dáyódù 1N4007 mẹ́sàn-án, kapasítọ̀ 47µF 450V mẹ́ta, 4700µF 35V kan, rẹ́sístọ̀ 4.7kΩ 2W méjì, 220kΩ 2W kan, 7812 kan (ohun tó ń mú iná dúró sórí 12V), àti fúùsì 315mA tí kì í tètè já. Fúùsì yìí ló ń ṣáájú transfọ́mà àkọ́kọ́. Kapasítọ̀ tí wọ́n tú lára tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ti gbẹ, ẹ fi sílẹ̀.

Dáyódù mẹ́rin á sọ 200V–220V AC (iná tó ń lọ tó ń bọ̀, bíi ti ògiri) di bíi 280V–310V DC. Lẹ́yìn wọn: 47µF, 4.7kΩ, 47µF, 4.7kΩ, 47µF. Bí fáàfù bá ń fa 4mA, rẹ́sístọ̀ méjèèjì á jẹ nǹkan bí 38V. Èyí tó kù ṣì tó fáàfù lò. Ẹ má fi kapasítọ̀ 350V rọ́pò ti 450V: fáàfù tútù kì í fa nǹkan kan, bí iná ògiri bá sì fò dé 260V, iná DC yìí á kọjá 340V. Ẹ so 220kΩ mọ́ kapasítọ̀ tó gbẹ̀yìn kó lè tú iná inú wọn dànù. Bí ẹ bá ti pa á, ẹ dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹ sì fi mítà wò ó kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Iná fíláméǹtì (wáyà tó ń gbóná nínú fáàfù) ń wá láti 12V transfọ́mà àkọ́kọ́: dáyódù mẹ́rin, 4700µF, 7812. Ẹ fi dáyódù kẹsàn-án sáàárín ẹsẹ̀ àárín 7812 àti ilẹ̀, orí rẹ̀ tó ní ìlà sí ilẹ̀. 12V á di bíi 12.6V. Ibí yìí la ti máa ń ṣìnà. Ẹsẹ̀ àárín àti irin ẹ̀yìn 7812 jẹ́ ọ̀kan náà, nítorí náà bí ẹ bá dè é mọ́ páànù láìfi máíkà (abala tínrín tí kì í jẹ́ kí iná kọjá) sáàárín, dáyódù yẹn á di asán. Pínnì 4 àti 5 fáàfù ló ń gba iná yìí, ẹ fi 9 sílẹ̀. Bí EF86, fáàfù mìíràn, bá wà nínú preamp yín, èyí kọ́: 6.3V nìkan ló ń gbà.

Ilẹ̀ preamp gbọ́dọ̀ ti ara kapasítọ̀ ìkẹta wá. Ti àkọ́kọ́ ni ariwo 100Hz pọ̀ sí. Páànù àti wáyà earth ilé, ẹ so wọ́n pọ̀. Kí àpótí iná jìnnà sí preamp tó 30cm, kí ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì sì wà lára àpótí iná, kí pínnì má baà yọ síta pẹ̀lú 280V.

Ẹ kọ́kọ́ tan án gba inú gílóòbù 40W ayé àtijọ́ (LED kò ṣe é lò). Bó bá tàn fìrí tó sì ṣú, ó dára; bó bá ń tàn gbòò, nǹkan fara kan ara.

Bí ó bá ń hùn lálẹ́ nìkan, ẹ wọn iná ògiri kí ẹ tó bá kapasítọ̀ jà. Ní 200V, 7812 kì í rí àlékún tó fẹ́ mọ́, hùn-ùn sì ń kọjá sínú fíláméǹtì. Sítábíláísà ló ń tán an. Ti invẹ́tà tí kì í ṣe pure sine wave yàtọ̀: ó ń kùn bí eṣinṣin inú ìgò, kapasítọ̀ kankan kò sì ń gbà á.