Yíyan Ẹnu Ìfín Seramíìkì fún Oògùn Kòkó, àti Ìdí tí Abẹ́rẹ́ kò fi Gbọdọ̀ Kàn Án

Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó mọ bí a ti ń po oògùn, ẹ sì mọ bí a ti ń gbé táǹkì kọ́ ẹ̀yìn. Orí ẹnu ìfín nìkan ni ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí dá lé, èyí tí wọ́n ń pè ní nozzle lọ́jà.

Oògùn bàbà tí a ń fín sí àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú kì í yọ́ tán nínú omi. Bí lúbúlúbú rẹ̀ ti ń bá omi kọjá ni ó ń họ etí ihò náà, títí ihò yóò fi fẹ̀. Ti idẹ ló ń tètè jẹ jù. Ti ike àti ti irin tí kì í dípẹtà sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n ti seramíìkì, ohun líle tí a fi iná sun bí àwo tánganran, ló ń pẹ́ jù lọ. Irú seramíìkì tí a ń pè ní alúmínà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn: lórí òṣùwọ̀n líle Mohs, tí ó lọ láti 1 dé 10 tí ó le jù, ipò 9 ni ó wà, nígbà tí yanrìn wà ní 7. Nítorí náà, ẹni tí ó ń fín oògùn lúbúlúbú kò ní ìdí kankan láti ra ti idẹ nítorí pé ó ń dán tí ó sì wúwo lọ́wọ́.

Ohun tí a ti ń sọ títí ni pé kí ẹ yé fi abẹ́rẹ́, ìṣó tàbí wáyà gún un nígbà tí ó bá dí. Alúmínà le lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí àwo tánganran ni, kò fẹ́ ìkọlù. Abẹ́rẹ́ kò lè họ ọ́, àmọ́ ó lè bù ú létí. Oògùn yóò wá máa ya sí ẹ̀gbẹ́ kan, èso tí ó wà ní apá kejì kò sì ní rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ní seramíìkì kò dára! Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ tú u, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí ó rọ̀ fọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe fi ẹnu fẹ́ ẹ rárá, nítorí májèlé ni. Bí ẹ bá ń fi asẹ́ sẹ́ oògùn kí ó tó wọ táǹkì, kò ní máa dí lemọ́lemọ́.

Ẹ tọ́jú ẹnu ìfín tuntun kan fún ìwọ̀n. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fín omi lásán, kì í ṣe oògùn, sínú ife oníwọ̀n fún ìṣẹ́jú 1, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí tuntun bá mú mìlílítà 800 wá, tí ti àtijọ́ sì mú 880 wá, ẹ sọ ọ́ nù, kódà bí ó bá ṣì ń tú dáadáa lójú yín. Táǹkì lítà 16 tí ó yẹ kí ó lo ìṣẹ́jú 20 yóò tán ní nǹkan bí 18, owó yín ni ilẹ̀ sì ń mu.

Ní ti ẹ̀rọ ìfín alẹ́ńjìnì tí pọ́ǹpù rẹ̀ ní ọ̀pá seramíìkì tí ń ti oògùn jáde, zirconia, irú seramíìkì mìíràn, kò le tó alúmínà, ṣùgbọ́n ó ń fara da ìkọlù jù ú lọ, ó sì wọ́n jù. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ má ṣe jẹ́ kí pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́ láìsí omi nínú rẹ̀, torí ọ̀pá náà yóò gbóná, bí omi tútù bá sì dé bá a lójijì, ó lè là.