Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Bí A Bá Ń Yan Jíìpù Tí Yóò Máa Fa Káráfáànù

Ẹni tó bá ń wá jíìpù fọ́ọ̀-wíìlì tí yóò fi máa fa káráfáànù, ìyẹn ilé kékeré onítáyà tí ọkọ̀ ń fà lọ sí ìrìn àjò, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ wò ni iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé ọkọ̀ náà lè fà. Bó bá ti rí 3,500 kìlò báyìí, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nìyẹn, ó di kó máa yan àwọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ jíìpù, àfi bí inú ọkọ̀ náà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo lẹ tó lè fa iye yẹn pé.

Ìwọ̀n mẹ́ta ló yẹ kí ẹ bèèrè, kì í ṣe ẹyọ kan. Èkíní ni èyí tí ọkọ̀ lè fà. Èkejì ni ìwọ̀n tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá bí èèyàn àti ẹrù bá wọ inú rẹ̀ tán. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ọkọ̀ àti káráfáànù kò gbọ́dọ̀ kọjá bí a bá ro wọ́n pọ̀. Ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bèèrè, òun ló sì ń dá wọn lẹ́jọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi píkọ́ọ̀pù kan ṣírò. Òun nìkan, láìsí ẹrù, jẹ́ 2,200 kìlò. Bó bá kún, kò gbọ́dọ̀ ju 3,200 lọ. Ó lè fa 3,500. Òun àti ohun tó ń fà kò gbọ́dọ̀ ju 6,000 lọ. Tí ẹ bá ro 3,200 mọ́ 3,500, 6,700 ni yóò fún yín, ẹ ti fi 700 kìlò kọjá ààlà. Bí ẹ bá wá taku pé 3,500 náà lẹ fẹ́ fà, 2,500 ló kù fún píkọ́ọ̀pù. Ẹ yọ 2,200 tó jẹ́ ara rẹ̀ kúrò, 300 kìlò péré ló ṣẹ́ kù. Àgbàlagbà mẹ́rin ti gbà á tán. Fíríìjì ńkọ́? Àpótí irinṣẹ́ ńkọ́, àti irin ńlá tí ẹ fẹ́ dè mọ́ iwájú ọkọ̀? Kò sáyè fún wọn mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ ọ́ pé ìwọ̀n káráfáànù ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, kí ẹ tó lọ wo jíìpù kankan.

Ẹ má sì gba ìwọ̀n tó wà lára káráfáànù gbọ́ pátápátá. Bó ṣe jáde ní ilé iṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀, kí omi, gáàsì, bátìrì àfikún, àwo àti aṣọ ibùsùn tó wọ inú rẹ̀. Lítà omi kan jẹ́ kìlò kan. Táńkì omi méjì tó ń gba ọgọ́rùn-ún lítà lọ́kọ̀ọ̀kan ti fi 200 kìlò kún un kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìkòkò wọlé. Ẹ di gbogbo ẹrù yín bí ẹni tó ń lọ ìrìn àjò, kí ẹ gbé káráfáànù náà lọ sórí òṣùwọ̀n ọkọ̀ ńlá. Iye tí òṣùwọ̀n bá sọ ni kí ẹ fi ra jíìpù.

Èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni ti imú káráfáànù. Àwọn èèyàn rò pé orí táyà káráfáànù ni gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Imú rẹ̀ ń tẹ ìkọ́ tó wà lẹ́yìn jíìpù. Ní Ọsirélíà àti Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n káráfáànù ni wọ́n ń fojú sùn fún un. Ní Yúróòpù, wọ́n máa ń jẹ́ kó fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé ọkọ̀ yín ló máa sọ èyí tí ìkọ́ yín lè gbà. Ibi yòówù kí ẹ wà, ìwọ̀n imú yìí wà nínú ẹrù tí jíìpù ń gbé. Ká ní ó jẹ́ 350 kìlò. Ìkọ́ fi mítà 1.2 jìnnà sí táyà ẹ̀yìn, àlàfo táyà iwájú sí tẹ̀yìn sì jẹ́ mítà 3. Bí ẹni fi ọ̀pá gbé òkúta ni ìkọ́ yẹn ṣe máa ń ṣe sí ọkọ̀: yóò fi 490 kìlò kún orí táyà ẹ̀yìn, yóò sì gbé 140 kìlò kúrò lórí táyà iwájú. Ẹ óò rí i pé ìdí ọkọ̀ tẹ̀ sílẹ̀, iná iwájú kọjú sókè, sitiárìn fúyẹ́ lọ́wọ́ yín. Bíréèkì iwájú náà kò ní dì í mú bó ṣe yẹ mọ́.

Nítorí náà, jíìpù tí àlàfo táyà rẹ̀ gùn, tí ìkọ́ rẹ̀ sì sún mọ́ táyà ẹ̀yìn, ni kí ẹ máa wá. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe dípò ìyẹn ni pé wọ́n ń ra sipiríìnì líle tàbí báàgì afẹ́fẹ́ sí ẹ̀yìn kí ìdí ọkọ̀ lè gòkè. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ìdí ọkọ̀ ti gòkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n kìlò kan ṣoṣo kò kúrò níbẹ̀, irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ sì ti jẹ́ kí ṣáásí píkọ́ọ̀pù, ìyẹn egungun irin tó gbé ọkọ̀ ró, tẹ̀ rí lójú ọ̀nà gbágungbàgun.

Bákan náà ni gbígbé ọkọ̀ sókè àti fífi táyà ńlá sí i. Ó máa ń wuni lójú, àmọ́ táyà tó tóbi ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ jù kó tó lè gbéra, ó sì ń fi kún iṣẹ́ bíréèkì. Bí káráfáànù ni ẹ tìtorí rẹ̀ rà á, ẹ fi táyà àti gíga rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ní ti ẹ́ńjìnì, ẹ má ṣe fi iye agbára ẹṣin nìkan yan ọkọ̀. Agbára tó fi ń yí táyà nígbà tí ẹ́ńjìnì kò tíì sáré ni kí ẹ bèèrè, ìyẹn ni ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì tó ní tọ́bò, ohun tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnì, fi máa ń dára fún iṣẹ́ yìí. Lórí òkè gíga, ẹ́ńjìnì tí kò ní tọ́bò máa ń pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ ní gbogbo 1,000 mítà tó bá gùn. Àmọ́ gíábọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ jù. Ooru ló ń pa gíábọ́ọ̀sì ọtómátíìkì, òkè gígùn tí a ń gùn díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn sì ni ooru ti ń pọ̀ jù. Ẹ bèèrè bóyá ọkọ̀ náà ní ohun tó ń mú epo gíábọ́ọ̀sì tutù. Bó bá jẹ́ àlòkù, tí ọ̀pá ìwọnpo gíábọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ẹ fà á yọ kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Epo tó ti dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ pa dà lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn.

Pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yí kò sọ pé ọkọ̀ lè fa ẹrù wúwo. Ó wúlò nínú ẹrẹ̀ àti iyanrìn, gíà kékeré rẹ̀ sì dára gan-an láti fi ti káráfáànù sẹ́yìn ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí fọ́ọ̀-wíìlì rẹ̀ bá jẹ́ onígbà-díẹ̀, èyí tí awakọ̀ ń ki sí i nígbà tó bá nílò rẹ̀ nìkan, ẹ kàn má ṣe ki í sí i lórí ọ̀dà tó gbẹ. Táyà iwájú àti tẹ̀yìn kì í yí dọ́gba ní kọ́nà, ara irin inú rẹ̀ ni yóò sì gba ìyà náà.

Ẹ má sì gbàgbé bíréèkì. Ìkọ́ púpọ̀ kò gbà ju 750 kìlò lọ bí ohun tí a ń fà kò bá ní bíréèkì tirẹ̀. Bí ti káráfáànù yín bá jẹ́ oníná, ẹ rí i pé ohun èlò tó ń darí rẹ̀ wà nítòsí ọwọ́ awakọ̀. Ọjọ́ tí káráfáànù bá bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún sósì, ẹ má tẹ bíréèkì jíìpù mọ́lẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná tí ẹ fi ń mú ọkọ̀ sáré, ẹ di sitiárìn mú ṣinṣin, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ bíréèkì káráfáànù nìkan. Jíìpù tó fúyẹ́ ju ohun tó ń fà lọ ni irú èyí ń tètè bá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń gba ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n fà dáadáa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níyànjú pé kí káráfáànù rẹ̀ má ṣe ju ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ so ohun tó wúwo tó káráfáànù yín mọ́ jíìpù náà, kí ẹ fi gun òkè gígùn kan, kí ojú yín wà lára ohun tó ń sọ bí ẹ́ńjìnì ṣe gbóná tó. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ jálẹ̀ pé ẹ kò lè so nǹkan kan mọ́ ọn, ẹ lọ wá òmíràn.