Kì í ṣe gbogbo ìlà ara àpáta ni fault

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí agbára abẹ́ ilẹ̀ ṣe ń tẹ àpáta, tó ń ká a, tó sì ń fà á ya, kì í pẹ́ tí ojú rẹ̀ á fi máa rí fault níbi gbogbo. Ó dé Ìdànrè, ó rí ìlà gbọọrọ lára òkè, ó ti kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀. Kí ìlà kan tó jẹ́ fault, apá méjèèjì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti yẹ̀ kúrò lójú ara wọn. Ẹ wá ohun tó dábùú ìlà náà, bí okùn quartz funfun (òkúta líle tó máa ń kún ojú sísán àpáta). Tí quartz náà bá já síbẹ̀, tí ẹ sì rí ìyókù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibòmíràn, àpáta ti yẹ̀ nìyẹn. Tó bá kọjá gbọnrangandan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àpáta kàn sán ni. Joint là ń pè é. Ẹ má sì fi àmì kan ṣoṣo dájọ́ o. Bí àpáta bá yọ̀ gba ojú ibi tí quartz náà gbà wọlẹ̀, ẹ ò ní rí ìyàtọ̀ kankan.

Àwọn ìpele tó ń ṣí lára òkè bí èèpo àlùbọ́sà náà máa ń tan ènìyàn. Kò sí ilẹ̀ kan tó kọ lu èkejì láti fa ìyẹn. Ìsàlẹ̀ jíjìn ni gíráníìtì náà ti dì. Nígbà tí òjò àti odò kó ohun tó wà lórí rẹ̀ lọ, ẹrù fúyẹ́, àpáta na ara, ó sì sán ní ìbámu pẹ̀lú ojú òkè.

Àṣìṣe tó burú jù lójú tèmi ni ti ọjọ́ orí. Ọ̀pọ̀ ló ti gbọ́ pé Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ya kúrò lára ara wọn, ni wọ́n bá di gbogbo kíká tí àpáta wa ká ru òkun Àtìláńtíìkì. Ọjọ́ orí òkun yẹn kéré sí ti kíká náà. Nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 600 sẹ́yìn ni ilẹ̀ líle àtijọ́ tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà àti èyí tó wà ní ìlà oòrùn rẹ̀ kọ lu ara wọn, tí òkun àárín wọn sì pa dé. Òkè Atakora, tó ti Tógò wọ ilẹ̀ Benin, jẹ́ àpá ìkọlù yẹn. Ooru àti ìfúnpọ̀ ìgbà náà ló tún gneiss ilẹ̀ Yorùbá po, ìyẹn àpáta abílà tí ooru àti ìfúnpọ̀ ti yí padà, àwọn tó ti pẹ́ ju bílíọ̀nù ọdún 2 lọ bíi ti Ìbàdàn kò sì yọ sílẹ̀.

Ti Àtìláńtíìkì dé lẹ́yìn náà, ó lé ní mílíọ̀nù ọdún 100 sẹ́yìn, fífà ló sì jẹ́, kì í ṣe títẹ̀. Etí òkun rì, iyanrìn, amọ̀ àti òkúta ẹfun kún ibẹ̀. Ẹni tó ń ti Abẹ́òkúta lọ sí Èkó á rí méjèèjì lọ́nà kan ṣoṣo: àpáta tó ti lọ́ lọ́wọ́ òkè, òkúta ẹfun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ ní Ewékorò.

Nítorí náà, ẹ má ka ìlà dúdú àti funfun ara gneiss bí iyanrìn tó ń dà lé ara wọn. Ooru àti ìfúnpọ̀ ló tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Òfin pé ti ìsàlẹ̀ ló dàgbà jù kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Tí ẹ bá ń fi kọ́ńpáàsì wọn ibi tí àpáta kọjú sí, ẹ má wọn òkúta tó ti yí kúrò ní ipò rẹ̀, bó ti wù kó tóbi tó. Ẹ gbé òòlù àti fóònù jìnnà sí kọ́ńpáàsì.

Kò sí òkè ayọnáyèéfín lábẹ́ ìsun omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ Ìkọ́gosì Èkìtì. Omi òjò ló ń gba ojú sísán inú quartzite (àpáta líle tí quartz pọ̀ nínú rẹ̀) wọlẹ̀, tó jìn títí ó fi gbóná, tó sì gba ojú sísán mìíràn jáde.

Àwọn kan tún ní ilẹ̀ wa kò lè mì, torí a jìnnà sí ibi tí awẹ́ ilẹ̀ ayé, àwọn ègé ńlá tí ojú ilẹ̀ pín sí, ti pàdé. Ó mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984, ó mì ní Àbújá ní oṣù Kẹsàn-án 2018. Àpá àtijọ́ lè tún yẹ̀ díẹ̀ bí agbára bá ń kó jọ. Ṣùgbọ́n òdìkejì rẹ̀ náà kò dára: ilẹ̀ á mì láàárọ̀, wọn á ti ní fault Ifẹ́wàrà, ní Ọ̀ṣun, ló fà á kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ̀rọ tó ń gba ìró ìmìtìtì ilẹ̀, ó kéré tán mẹ́ta níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ló lè sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.