Ìdúró Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Kọ́ Ọmọ Tó Ń Gbá Bọ́ọ̀lù

Lọ́jọ́ kan, ní pápá wa ní Ọ̀fà, ọmọ ọdún 16 kan ń gbé bọ́ọ̀lù sá bọ̀, ó fẹ́ yà sósì. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Orúnkún rẹ̀ dún pọ́ọ̀, ó sì ṣubú. Èmi ni kóòṣì rẹ̀. Mo ti kọ́ ọ ní eré sísá, mo ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fo táyà, mi ò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Láti ọjọ́ náà, ìdúró ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n kì. Ẹ wo oníjàkadì dáadáa: ó tẹ orúnkún, ó sọ ìdí rẹ̀ wálẹ̀, ó ya ẹsẹ̀, àyà rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀. Bí agbábọ́ọ̀lù tó fẹ́ yà ṣe gbọ́dọ̀ wà nìyẹn. Ẹni tó bá nà ró ṣánṣán, orúnkún ni yóò gbẹ́rù gbogbo ara.

Ẹ mú ara gbóná fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ná. Ẹ má ra kóònù, àmì tí wọ́n ń tò sórí pápá. Ike omi tí ẹ rọ iyanrìn sí ti tó. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ gbá òkúta wẹ́wẹ́ kúrò nílẹ̀, torí ó máa ń yọ̀ lábẹ́ bàtà bí ẹni tẹ àgbàdo gbígbẹ.

Kí ọmọ sá ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ẹ fọn fèrè, kó dúró láàárín ìṣísẹ̀ mẹ́ta kéékèèké, kó má fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo já lulẹ̀. Iwájú rẹ̀ ni kí ẹ dúró sí, kí ẹ máa wo orúnkún: ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọjú sí ni kí orúnkún kọjú sí. Bí orúnkún bá ń ṣubú sínú, kí ọmọ dín eré kù. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi ń ṣe èyí nìkan. Àwọn ọmọ máa ń kùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn. Àwọn ọmọbìnrin ni kí ẹ ṣọ́ jù, torí iṣan inú orúnkún tiwọn máa ń tètè já ju ti ọkùnrin lọ.

Lẹ́yìn náà ló kan yíyà. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá síwájú, márùn-ún sósì, mẹ́wàá sọ́tùn-ún, márùn-ún padà sáàárín, kó wá fi ẹ̀yìn rìn kíákíá padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lọ sósì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kó fi ti ilẹ̀. Ìgbà márùn-ún tó. Kó sinmi dáadáa láàárín wọn. Ọmọ tó ti rẹ̀, àṣìṣe ló ń kọ́.

Ọ̀pọ̀ kóòṣì fẹ́ràn àkàbà tí wọ́n ń fi eérú yà sílẹ̀, kí ọmọ máa fẹsẹ̀ tẹ àlàfo rẹ̀ kíákíá. Èmi náà ń lò ó, ìṣẹ́jú márùn-ún péré, torí ilẹ̀ lọmọ ń wò, ẹnikẹ́ni ò sì lé e. Ojú ló ń yí agbábọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ kàn ń tẹ̀ lé e ni. Nítorí náà, ẹ to àwọn ọmọ ní méjì-méjì, kí wọ́n kọjú síra, ike méjì ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Kí ọ̀kan máa tan èkejì lọ sọ́tùn-ún, sósì, kí èkejì má jẹ́ kó já òun sílẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, kí wọ́n pàrọ̀ ipò. Ìbàdí ẹni tó ń tàn án ni kí ẹni tó ń tẹ̀ lé e máa wò, kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá ti mọ́ wọn lára, ẹ fún wọn ní bọ́ọ̀lù.

Mo máa ń fi gól tí Rashidi Yekini gbá wọ ilé Bulgaria ní 1994 hàn wọ́n lórí fóònù. Ìrá nítòsí wa níbí ni wọ́n sin ín sí, gbogbo wọn ló fẹ́ lágbára ẹsẹ̀ bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fi agbára kankan gbá ìyẹn. Ó kàn dé iwájú ilé ṣáájú àwọn tó ń ṣọ́ ọ ni.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni kí ẹ ṣe é, kí ọjọ́ kan ó kéré tán wà láàárín. Ọmọ tí orúnkún rẹ̀ bá wú, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, kí ẹ má gbé e fún ẹni tí yóò máa fà á. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ń fa ti ọmọ ọjọ́sí kí a tó gbé e dé ọsibítù.