Bí ẹ bá dé Lyon, ẹ kọ́kọ́ kí wọn: bí a ṣe ń jókòó ní kafé àti ilé ọtí ìlú náà

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi gbé tíréè ní kafé kan lórí òkè Croix-Rousse, ní ìlú Lyon, nílẹ̀ Faransé. Aago mẹ́fà àbọ̀ ìdájí la máa ń ṣílẹ̀kùn. Àwọn tó máa ń kọ́kọ́ wọlé ni àwọn agbálẹ̀ títì, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan, àti ìyá àgbà kan tó máa ń fa ajá kékeré lẹ́yìn. Wọ́n á dúró sídìí káńtà, wọ́n á mu kọfí wọn, wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò tàbí bọ́ọ̀lù díẹ̀, wọ́n á bá tiwọn lọ. Káńtà yẹn kan náà la ti ń ta bíà àti wáìnì tó bá di ìrọ̀lẹ́.

Ìdí tí mo fi sọ èyí ṣáájú ni pé àwọn èèyàn wa tó ń wá kí mi máa ń sọ pé, "Àǹtí, èmi kì í wọ ilé ọtí." Ó yé mi. Nílé, ẹni tí wọ́n bá rí nílé ọtí láàárọ̀ kùtù, orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ní Lyon, pálọ̀ àdúgbò ni kafé. Ilé àwọn èèyàn kéré, wọn kì í sì í sáré gba àlejò sílé. Kafé ni wọ́n ti ń rí ara wọn, ẹni tó ń mu ọtí àti ẹni tí kì í fẹnu kàn án. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wá láti ìlú òkèèrè tẹ́ ẹ wá ń jẹ búrẹ́dì nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì, ó máa ń dùn mí.

Kẹ́ ẹ tó wo àga, kẹ́ ẹ tó wo ohun tí wọ́n ń tà, ẹ sọ "Bonjour" sókè kí ẹni tó wà nídìí káńtà gbọ́. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, "Bonsoir" ni. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yẹn, òùngbẹ ń gbẹ mí, mo wọ ilé kan nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, mo lọ tààrà sídìí káńtà, mo ní mo fẹ́ kọfí. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ wò mí, ó ń nu ife rẹ̀ lọ. Ó dá àwọn méjì tó wọlé lẹ́yìn mi lóhùn kó tó kàn mí. Inú bí mi gan-an, mo ní àwọ̀ mi ni. Mi ò sọ pé kò sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà níbẹ̀ o, ó wà. Àmọ́ nígbà tí èmi náà bọ́ sídìí káńtà ni mo mọ bó ṣe ń rí lára kí ẹnìkan já wọlé, kó má kí ẹnikẹ́ni, kó kàn máa pàṣẹ. Àwa náà mọ ohun tá a máa ń pe ọmọ tó bá jí tí kò kí bàbá rẹ̀.

Wọ́n tún ní "ẹ" àti "o" bíi tiwa: vous ni "ẹ", tu ni "o". Vous ni kẹ́ ẹ máa lò fún gbogbo èèyàn, àní bó bá jẹ́ ọmọ ogún ọdún ló ń gbé ọtí fún yín. Ẹ má pè é ní "garçon", torí ọmọdékùnrin ló ń jẹ́. "Monsieur" tàbí "Madame" ló yẹ ẹ́. Ẹ má sì fẹnu ṣe "pssst" pè é, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ má ta ìka. Ẹ jẹ́ kí ojú yín àti ojú rẹ̀ ṣe mẹ́rin, ẹ gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. Ó ti rí yín.

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn. Ní ọ̀pọ̀ kafé, ibi tẹ́ ẹ bá wà ló ń sọ iye tẹ́ ẹ máa san. Ẹ̀rọ kan náà ló ń pọn kọfí, ife kan náà ni wọ́n ń bù ú sí, àmọ́ ẹni tó dúró sídìí káńtà lè san iye kan, kí ẹni tó jókòó nínú ilé san jù ú lọ, kí ti ẹni tó wà níta lójú títì sì tún gbówó lórí. Òfin ní kí wọ́n gbé iye owó síbi tí èèyàn á ti rí i láti ìta. Ẹ dúró kà á. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta lẹ máa wá: comptoir ni káńtà, salle ni inú ilé, terrasse ni ìta. Láyìíká Place Bellecour àti ní Vieux Lyon, níbi tí àwọn arìnrìn-àjò pọ̀ sí, gbogbo rẹ̀ ló máa ń wọ́n jù. Ẹ rìn wọ àdúgbò ẹ̀yìn díẹ̀, owó á rọlẹ̀.

Ẹni tó bá ti ra ife kan ti ra ìjókòó rẹ̀. Ẹ lè jókòó ti kọfí kékeré kan fún wákàtí méjì, kẹ́ ẹ kàwé, kẹ́ ẹ wo àwọn tó ń kọjá, kò sẹ́ni tó máa lé yín. Ọ̀sán nìkan ni mo yọ kúrò, láàárín aago méjìlá sí méjì. Bẹ́ ẹ bá rí fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ lórí tábìlì, ti ẹni tó fẹ́ jẹun nìyẹn. Wọ́n ti fòfin de sìgá mímu nínú kafé láti January 2008, nítorí náà ìta ni àwọn amusìgá wà báyìí. Ẹni tí èéfín bá ń dà láàmú, inú ilé ni kó jókòó.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé kọfí, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn wa ti máa ń bínú. Tẹ́ ẹ bá ní "un café", ohun tí wọ́n máa gbé wá ni ife kékeré kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, kọfí inú rẹ̀ á dúdú bí aró, á sì korò. Kì í ṣe pé wọ́n rẹ́ yín jẹ. "Un allongé" ni tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí omi rẹ̀ pọ̀ sí i. "Une noisette" ni èyí tí wọ́n kán mílíìkì sí. "Un crème" ni ife ńlá tó ní mílíìkì dáadáa, èyí tó sún mọ́ tiwa jù. Àárọ̀ làwọn Faransé máa ń mu crème, àmọ́ ẹ béèrè rẹ̀ nígbà tó bá wù yín, owó yín ni. Ẹni tó fẹ́ràn Bournvita, kó béèrè "un chocolat chaud". Tíì tiwọn, omi gbígbóná àti àpò tíì lásán ni, mílíìkì ò sí níbẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá sọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò mu ọtí, ẹ̀sìn ni o, ìlera ni o, kò sẹ́ni tó máa wò yín lójú. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni "diabolo menthe": omi ṣúgà minti, aláwọ̀ ewé gbirigbiri, tí wọ́n da limonade, ìyẹn ẹlẹ́rìndòdò wọn kan, lé lórí. "Sirop à l'eau" ni omi ṣúgà tí wọ́n fi omi lásán là. Ó wà lára ohun tó máa ń dínwó jù nínú ìwé owó, ó sì dára fún ọmọdé. Tẹ́ ẹ bá ń jẹun, ẹ ní "une carafe d'eau". Omi ẹ̀rọ ni, ọ̀fẹ́ ni. Tó bá jẹ́ "de l'eau" nìkan lẹ sọ, wọ́n lè gbé omi inú ìgò wá, ẹ ó sì sanwó rẹ̀.

Ní ti ẹni tó ń mu wáìnì, ohun kan wà tó jẹ́ ti Lyon gan-an, ìgò tí wọ́n ń pè ní pot. Ẹ gbé e lọ́wọ́ wò. Ó wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ, torí pé ìdí rẹ̀ nípọn tó ìka, gíláàsì gidi, kó má baà ṣubú lórí tábìlì. 46 cl ló ń gbà, kò tó ìgò odindi, kò sì kéré fún èèyàn méjì. Kò ní ìwé lára. Inú àgbá tàbí ìgò ńlá ni wọ́n ti ń bu wáìnì sí i. "Un pot de côtes" túmọ̀ sí Côtes du Rhône, tó ń ti ìhà gúúsù ìlú wá. Beaujolais ní tirẹ̀ ń ti orí òkè tó wà ní àríwá wá, ó fúyẹ́ jù ú lọ.

Inú ilé oúnjẹ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní bouchon lẹ ti máa rí pot yìí jù. Bàbá mi, òfì ló fi tọ́ wa ní Ìsẹ́yìn, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ìtàn Croix-Rousse fi wọ̀ mí lára. Àwọn ahunṣọ sílíìkì, tí wọ́n ń pè ní canuts, ló kún orí òkè yẹn nígbà kan. Àjà ilé ga, fèrèsé gùn, torí òfì Jacquard ga ju èèyàn méjì lọ. Wọ́n dìde ní 1831 àti 1834 nítorí owó iṣẹ́ wọn. Àwọn tó ti hunṣọ láti òru máa ń jẹun gidi láàárọ̀ pẹ̀lú wáìnì. Mâchon ni wọ́n ń pe oúnjẹ yẹn, àwọn bouchon kan ṣì ń ṣe é. Ẹ jẹ "tablier de sapeur", ṣàkì màlúù ni, tí wọ́n fi èérún búrẹ́dì bò tí wọ́n wá dín. Quenelle ni ẹja tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àti ẹyin pò. Ó rọ̀ bíi mọ́ínmọ́ín. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ nínú oúnjẹ wọn o. Ẹni tí kì í jẹ ẹ́, kó béèrè: "Il y a du porc?"

Láti dé òkè yẹn, ẹ wọ métrò C ní Hôtel de Ville. Ẹ lọ láàárọ̀ tó bá yàtọ̀ sí Monday, ọjà á wà lójú Boulevard de la Croix-Rousse, àwọn kafé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì kún fún àwọn tó gbé àpò ẹ̀fọ́ sẹ́sẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo ilé àtijọ́ tó ní dígí àti wúrà lára ògiri, Grand Café des Négociants wà níbẹ̀ láti 1864. Brasserie Georges, nítòsí ibùdó Perrache, ti wà láti 1836. Gbọ̀ngàn ńlá ni, ẹ lè kó ọmọ àti ìyàwó lọ. Lódìkejì odò Rhône, ní Guillotière, ẹ máa rí iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ rà, ẹ ó sì rí kafé àwọn ará Àríwá Áfíríkà tí wọ́n ti ń mu tíì ewé minti.

Tó bá di alẹ́, ẹ mọ̀ pé "un demi" kì í ṣe ìgò bíà tiwa, 25 cl péré ni. "Une pinte" ni 50 cl. Rue Sainte-Catherine, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Place des Terreaux, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kún. Ariwo rẹ̀ pọ̀, èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ pa fóònù yín mọ́ tẹ́ ẹ bá lọ. Àwọn ọkọ̀ ojú omi tó dúró sí etí Rhône, tí wọ́n sọ di ilé ọtí, ni mo máa mú yín lọ. Nínú oṣù June, oòrùn kì í wọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àbọ̀. Ẹ jókòó sórí ọkọ̀, ẹ kọjú sí òkè Fourvière, kí omi máa mì yín díẹ̀díẹ̀.

Fún owó sísan, "L'addition, s'il vous plaît" ni gbólóhùn náà. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti gbé bébà kékeré sínú àwo kan nígbà tí wọ́n gbé ọtí wá, ẹ fi owó síbẹ̀. Agbọ́tí á kó o, á fa bébà náà ya díẹ̀ létí, ìyẹn ni pé ẹ ti san. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ti wà nínú iye náà, ẹ ò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan mọ́. Tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi 50 sẹ́ǹtì tàbí yúrò kan sílẹ̀. Inú mi máa ń dùn sí i. Ẹ mú owó ẹyọ dání, torí àwọn kan kì í gba káàdì fún owó kékeré. Ọ̀pọ̀ ilé ló máa ń tì ní Sunday tàbí Monday, àwọn mìíràn á tì fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta nínú oṣù August.

Tẹ́ ẹ bá máa lo ọ̀sẹ̀ kan, ẹ mú kafé kan péré nítòsí ibi tẹ́ ẹ dé sí, kẹ́ ẹ sì máa padà síbẹ̀ lóròòwúrọ̀ lákòókò kan náà. Ẹ kí wọn wọlé, ẹ kí wọn jáde: "Au revoir, bonne journée." Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kẹrin, agbọ́tí á ti gbé ife yín sórí káńtà kẹ́ ẹ tó la ẹnu.